Ta Ni Olùṣọ́ Aṣálẹ̀?

Bí àgbẹ̀ bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sì lè rù ú délé lọ́jọ́ náà, kì í fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Ààlè ni yóò fi sórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ṣùkù àgbàdo, ó lè jẹ́ àkísà, ó sì lè jẹ́ ìkarahun ìgbín. Ààlè kò ní ìbọn, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi lé olè. Síbẹ̀ ó ṣọ́ ohun ìní àwọn baba wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ẹni tí ó ń kọjá lọ mọ ohun tí ó ń wí, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tẹ ààlè ẹlòmíràn lójú lónìí, ti òun náà kò ní í dúró lọ́la. Nígbàkígbà tí mo bá ń ka ìtàn àwọn ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìdáàbòbò ẹranko, ààlè ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìjọba a fa ìlà yí ilẹ̀ kan ká lórí ìwé, a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹranko ibẹ̀ mọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe ààlè? Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni yóò ka ààlè náà sí?

Ibi tí mo fẹ́ kí á gbé ìbéèrè yìí lọ wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger, ní àárín aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí òkè Aïr ti pàdé pẹ̀tẹ́lẹ̀ yanrìn Ténéré. Ní ọdún 1988 ni ìjọba Niger fi òfin sọ ọ́ di ilẹ̀ ìdáàbòbò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 77,360 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí a bá kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pọ̀, díẹ̀ ni wọn yóò fi yàtọ̀ sí i. Nínú rẹ̀ ni wọ́n tún ti ya apá kan, tí ó ju 12,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, sọ́tọ̀ pátápátá fún ẹranko kan ṣoṣo tí ń jẹ́ addax.

Ìlú Agadez ni ẹnu-ọ̀nà ibẹ̀. Ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ìlú náà ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí lókèèrè. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó mítà 27, orí àwọn igi tí wọ́n fi há a sì yọ síta lára rẹ̀ bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Láti Agadez, ọ̀nà gba àárín àpáta dúdú lọ sí Iférouane, ìlú kékeré tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀ ìdáàbòbò náà. Òkè Tamgak, tí gíga rẹ̀ sún mọ́ mítà 2,000, dúró gbọnin tì í. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó bá rọ̀ a máa ṣàn gba àfonífojì, a sì máa mú kí igi ẹlẹ́gùn-ún àti ọ̀pẹ dábínù hù. Orí àpáta ni àgùntàn ìgbẹ́ ń gbé. Ní àfonífojì ni àwọn ẹranko tí ó jọ egbin ti ń jẹ̀. Bí a bá kọjá òkè náà sí ìhà ìlà-oòrùn, gbogbo rẹ̀ a tán lójijì. Yanrìn ni ó kù, tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní òkìtì-òkìtì bí ìgbì òkun. Ténéré nìyẹn. Aṣálẹ̀ náà gan-an ni orúkọ yìí túmọ̀ sí ní èdè àwọn Tuareg.

Ibi tí ó dà bí òfìfo yìí ni addax fi ṣe ilé. Ìbátan àgbọ̀nrín ni. Ìwo rẹ̀ gùn, ó sì lọ́ bí okùn. Nígbà ooru ara rẹ̀ a funfun, kí oòrùn má baà jó o; nígbà òtútù a ṣú díẹ̀. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kí ó má baà rì sínú yanrìn. Ó lè wà fún ìgbà pípẹ́ láìfẹnu kan omi odò tàbí ti kànga, nítorí pé omi inú ewéko tí ó ń jẹ tó o. Ẹlẹ́dàá tí ó fún un ní gbogbo èyí kò fún un ní eré ẹsẹ̀ púpọ̀. Àbùkù kan ṣoṣo yìí ni ó fẹ́ẹ̀ pa á run láti ọjọ́ tí mọ́tò ti wọ aṣálẹ̀.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ilẹ̀ ẹranko nìkan ni mo ń sọ. Àwọn Tuareg ti wà ní Aïr láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Àwọn ọkùnrin wọn ni ó ń fi láwàní bo ojú. Àwọn obìnrin wọn ni ó ni àgọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí ìgbéyàwó bá tú, ọkọ ni yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ní àfonífojì bíi ti Timia, wọ́n ń fi omi kànga rin oko àlùbọ́sà àti èso. Lọ́dọọdún ni ọ̀wọ́ ràkúnmí wọn ń gba Ténéré kọjá lọ sí Bilma, ìrìn tí ó ju 500 kìlómítà lọ láti Agadez. Wọn a gbé jéró lọ, wọn a sì ru iyọ̀ àti dábínù bọ̀, láti tà wọ́n ní ìhà gúúsù títí dé ilẹ̀ Hausa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà lórí irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ikú ni. Nítorí náà gbogbo kànga, gbogbo àpáta àti gbogbo igi ojú ọ̀nà ni ó ní orúkọ.

Àwọn àpáta pàápàá ń sọ ìtàn tí ó lọ jìnnà ju ti Tuareg lọ. Ní Dabous, ní àríwá Agadez, a rí àwòrán àgùnfọn méjì tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára òkúta. Èyí tí ó tóbi jù nínú méjèèjì gùn ju mítà márùn-ún lọ. Ní Adrar Bous, ní àríwá ilẹ̀ ìdáàbòbò náà, àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ tí Desmond Clark ṣáájú hú egungun odindi màlúù kan jáde ní ọdún 1970, ẹran ọ̀sìn àwọn darandaran tí ó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní ọdún 2000, ikọ̀ Paul Sereno tí ń wá egungun àwọn ẹran abàmì ayé àtijọ́ kàn ṣèèṣì dé Gobero, létí Ténéré, wọ́n sì bá ibojì ènìyàn níbẹ̀ lẹ́bàá adágún omi tí ó ti gbẹ. Nǹkan bí 200 ni ibojì náà. Láàárín wọn ni egungun ẹja, ti ọ̀nì àti ti erinmi wà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ eyín erinmi. Obìnrin kan tún wà tí wọ́n sin pẹ̀lú ọmọdé méjì, tí ọwọ́ wọn kan ara wọn síbẹ̀síbẹ̀. Adágún ni ibẹ̀ nígbà kan rí, koríko ni ó bo ilẹ̀. Òjò dín kù, omi gbẹ, àwọn ènìyàn sì ṣí lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní Gobero yóò mọ̀ pé aṣálẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé.

Ó lè dà bí ẹni pé gbogbo èyí jìnnà sí àwa ọmọ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ògòngò nínú igbó wa, síbẹ̀ ògòngò ni a mọ̀ ní ọba ẹyẹ. Nígbà tí D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, òun náà ni ó fi jọba ní ìlú àwọn ẹyẹ. Ràkúnmí tí a ń pè bẹ́ẹ̀, láti ẹnu àwọn Hausa ni orúkọ rẹ̀ ti wá bá wa. Ẹranko aṣálẹ̀ ti wọ inú èdè wa kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó fi ojú kàn wọ́n, nítorí pé ọ̀nà ọjà tí ó gba Aïr kọjá ni ó so Kano mọ́ Tripoli, láti Kano ni ọjà sì ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìyẹ́ ògòngò wà lára ẹrù pàtàkì tí ràkúnmí ń rù kọjá Sàhárà, kí àwọn obìnrin Yúróòpù lè fi ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹyẹ tí àwa fi jọba nínú ìtàn, àwọn mìíràn ti ń fà á ní ìyẹ́ tà.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ nídìí igi kan. Ní ojú ọ̀nà Agadez sí Bilma ni igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tẹ́lẹ̀ rí, tí ayé mọ̀ sí Igi Ténéré. Òun nìkan ni ó dúró ní àárín yanrìn, ó jìnnà réré sí igi mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́bàá rẹ̀ ní nǹkan bí 1938, a rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ ju mítà 30 lọ kí ó tó kan omi. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu kì í ṣe gbòǹgbò náà. Ọ̀gá ológun Faransé kan, Michel Lesourd, tí ó rí igi yìí ní ọdún 1939, ṣe àkíyèsí pé ràkúnmí kò jẹ ewé rẹ̀, àwọn Tuareg tí ń kọjá kò sì ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dáná tíì wọn. Ẹ rò ó wò. Òtútù òru aṣálẹ̀ mú wọn, igi ìdáná wọ́n, igi kan ṣoṣo sì wà níwájú wọn. Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí òfin kíkọ, kò sí owó ìtanràn. Síbẹ̀ ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n kọjá, wọ́n fi igi náà sílẹ̀. Ààlè wà lára rẹ̀ tí ojú kò rí.

Ní ọdún 1973, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ọkọ̀ kọ lu igi náà, ó sì wó o lulẹ̀. A gbọ́ pé ó ti mutí yó. Nínú gbogbo fífẹ̀ Ténéré, níbi tí kò ti sí ohun mìíràn tí ọkọ̀ lè kọ lù! Wọ́n kó ìyókù igi náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, wọ́n sì ri igi onírin mọ́lẹ̀ sí ipò rẹ̀. Àwọn baba wa ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi kan lè jẹ́ ẹ̀rí bóyá àwọn tí ń gba ọ̀nà kan ṣì ní àdéhùn láàárín ara wọn.

Àdéhùn yẹn ti ń já kí igi náà tó wó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1916, àwọn Tuareg tí Kaocen ṣáájú dó ti àwọn ọmọ ogun Faransé ní Agadez fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tí àwọn Faransé borí, wọ́n gbẹ̀san kíkorò, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn Aïr kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ sí gúúsù. Àwọn tí ó padà wá lẹ́yìn náà bá ayé mìíràn. Agbára àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìbọn ìgbàlódé dé, mọ́tò tí ó lè sá ju ẹranko lọ sì tẹ̀ lé e. Ọdẹ tí ó ń gun ràkúnmí ní láti ro ti omi àti ti ọ̀nà kí ó tó lé addax. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò kò ní láti ro nǹkan kan. Ọ̀dá ńlá ọdún 1973 àti ti 1984 wá kún un. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, oryx oníwo bí àdá, tí ó ti ń da gììrì ní etí Sàhárà tẹ́lẹ̀, ti pòórá ní Niger.

Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni òfin 1988 jáde. Ó yẹ kí á yin àwọn tí ó gbé e kalẹ̀, nítorí wọ́n kọ́gbọ́n lára àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ohun àkọ́kọ́ tí ìjọba ń ṣe ni pé kí ó lé àwọn onílẹ̀ jáde kí ẹranko lè ráyè. Ní Aïr, wọ́n jẹ́ kí àwọn Tuareg dúró sórí ilẹ̀ wọn. Ìjọba Niger, pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ WWF àti IUCN, gba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sí iṣẹ́. Àgbékalẹ̀ iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí ó mọ kànga àti ọ̀nà ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1991, UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé Ogún Àjọni Àgbáyé.

Ọdún kan péré ni ayọ̀ náà pẹ́. Àwọn Tuareg ti dìde ogun sí ìjọba Niger láti ọdún 1990, wọ́n ní a fi ìyà jẹ wọ́n, wọ́n ní a kò fún wọn ní ìpín nínú ọrọ̀ ilẹ̀ wọn. Uranium tí ń jáde ní Arlit, ní ìwọ̀-oòrùn òkè kan náà, wà lára ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ní 1992, ogun náà dé ilẹ̀ ìdáàbòbò. Wọ́n mú mẹ́fà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ìgbèkùn, iṣẹ́ sì dúró. Ní ọdún náà ni UNESCO gbé orúkọ ibẹ̀ lọ sínú ìwé àwọn ogún tí ó wà nínú ewu. Wọ́n bọwọ́ lu àdéhùn àlàáfíà ní 1995, ṣùgbọ́n ìbọn ti pọ̀ ní ìgboro, olùṣọ́ sì ti fọ́nká. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ògòngò mọ́ ní Aïr. Ọba ẹyẹ ti wàjà.

Ta ni kí á dá lẹ́bi? Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́tẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí a lé nílé baba rẹ̀ rí, tí ọ̀dá pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀ tán, tí ó ń wo bí ọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ, yóò ṣòro fún un láti gbà pé ti òun ni ààlè tí ìjọba kan náà fi lé orí ògòngò. Ṣùgbọ́n n kò ní í dá a láre pátápátá pẹ̀lú. Àwọn Tuareg pàápàá ti ń ṣọdẹ ògòngò fún ọ̀rá àti ìyẹ́ rẹ̀ láti ìgbà láéláé. Kò sí ẹ̀yà kan láyé tí ó jẹ́ mímọ́ nínú ọ̀ràn ẹranko. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí àdéhùn ṣì wà, ẹnìkan lè dá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́kun.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Termit àti Tin Toumma, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ténéré, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn addax inú igbó tí ó ṣẹ́ kù ní Niger fi orí pamọ́ sí. Ìjọba sọ ibẹ̀ náà di ilẹ̀ ìdáàbòbò ní 2012. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Ní 2016, àwọn onímọ̀ wá addax kiri nínú ọkọ̀ òfurufú àti lórí ilẹ̀. Mẹ́ta péré ni ojú wọn tó. Àjọ IUCN sì kéde ní ọdún náà pé àwọn ọmọ ogun tí a fi ṣọ́ iṣẹ́ epo wà lára àwọn tí ń pa ẹranko náà. Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, òfin wà nínú ìwé, ìlà wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ààlè nìkan ni kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tí ń dárò òkú. Oryx tí mo ní ó pòórá, ọdún 2000 ni a kéde pé kò sí nínú igbó mọ́ níbikíbi láyé. Inú ọgbà nìkan ni ó kù sí. Ṣùgbọ́n ní 2016, wọ́n kó àwọn kan tí a ti tọ́ ní Abu Dhabi lọ sí ilẹ̀ ìdáàbòbò Ouadi Rimé ní Chad, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì ti ń bímọ níbẹ̀. Ní 2023, IUCN yọ orúkọ wọn kúrò nínú àwọn tí kò sí nínú igbó mọ́. Ní Niger, ní ìletò Kellé, àwọn ará ibẹ̀ ń tọ́ àwọn ògòngò tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ènìyàn, pẹ̀lú èrò pé ní ọjọ́ kan àwọn ọmọ wọn yóò tún padà sí aṣálẹ̀. Inú ọgbà ni ọba ẹyẹ wà báyìí, ṣùgbọ́n ó wà.

Ìrìn àjò sí Aïr kò rọrùn ní àkókò yìí nítorí àìfararọ ibẹ̀. Bí àlàáfíà bá dé, tí òǹkàwé kan bá sì ní ànfàní àtilọ, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ó má ṣe wá ẹranko nìkan. Kí ó wo àgùnfọn orí àpáta Dabous, kí ó jókòó mu tíì lọ́dọ̀ àwọn tí ń ru iyọ̀ Bilma, kí ó sì dé ibi tí igi onírin dúró sí. Ẹnikẹ́ni lè fi ọkọ̀ kọ lu irin, kí wọ́n sì tún òmíràn rì. Àwọn ẹni tí òtútù ń mú, tí wọ́n wo igi gbígbẹ, tí wọ́n sì kọjá lọ láìṣẹ́ ẹ, àwọn ni ó ṣòro láti rọ́pò. Olùṣọ́ aṣálẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Ìjọba tí kò bá bá wọn mulẹ̀ yóò kàn máa so àkísà mọ́ igi ni. Kò tíì fi ààlè lé ohunkóhun.